Ìtàn Àwọn Ohun Ọ̀gbìn Tí Í Fi Aṣọ Bo Ilẹ̀ Ní Oko àti Ọgbà Wa

Bí a bá dárúkọ agbègbè wa fún àlejò, ohun méjì ni ó sábà máa ń wá sí i lọ́kàn. Èkíní ni ìkóríta Òrè, níbi tí àwọn ọkọ̀ tí ń lọ sí Benin àti sí ìhà ìlà-oòrùn ti máa ń dúró jẹun. Èkejì ni ogun abẹ́lé ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra la Agbègbè Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn kọjá ní oṣù August, tí wọn kò sì lè kọjá Òrè. Àwọn ìtàn wọ̀nyí tọ́ ní sísọ. Ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn wà tí kò sí ìró ìbọn nínú rẹ̀, tí a kò sì sábà rí nínú ìwé tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Èyí ni ìtàn bí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ṣe kọ́ láti fi ohun jíjẹ bo ilẹ̀, kí òjò má baà gbé e lọ, kí oòrùn má sì jó o gbẹ. A fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa yìí, nítorí pé ọgbọ́n náà ti ń yọ́ lọ lọ́wọ́ wa.

Orúkọ ìlú wa fúnra rẹ̀ ń ránni létí oko. Àgọ́ ni ibi tí ènìyàn sọ ẹrù kalẹ̀ sí kí ó lè ṣiṣẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ará àgọ́ sì ní láti mọ̀ ni bí yóò ti bá ilẹ̀ gbé kí ilẹ̀ má baà sá fún un.

ILẸ̀ ÀTI ÒJÒ

Igbó kìjikìji ni ilẹ̀ wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Lábẹ́ igbó, òjò kì í bọ́ sórí ilẹ̀ ní tààrà. Ewé orí igi ni ó kọ́kọ́ gbà á. Ewé tí ó ti rẹ̀ sílẹ̀ a tún gbà á lẹ́ẹ̀kejì, kí ó tó rọra wọ inú ilẹ̀. Ìdí nìyí tí ilẹ̀dú fi pọ̀ lábẹ́ igbó. Ṣùgbọ́n nígbà tí àdá àti iná bá ti kọjá, ilẹ̀ wà ní ìhòòhò. Ẹ̀kán òjò a máa lù ú bí ọmọ odó. Ilẹ̀dú a bá àgbàrá lọ sí odò. Èyí tí ó kù a sì le bí òkúta. Ibi tí àgbàrá bá fi sílẹ̀, èpò ni yóò gbà á. Àgbẹ̀ tí ó ti ro oko kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí iṣu rẹ̀ tó ta mọ ohun tí a ń wí.

Èpò pàápàá ní ìtàn. Èyí tí ó gba ilẹ̀ àkúrò wa jù lọ ni a ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn sì ń pè ní Awólówọ̀, orúkọ àwọn olóṣèlú ńlá méjì tí ìjà wọn mi ilẹ̀ Yorùbá tìtì ní àwọn ọdún 1960. Kì í ṣe ewéko ilẹ̀ wa. Àwọn onímọ̀ gbà pé inú irúgbìn igi mẹ́línà tí a kó wá láti Ceylon, tí a ń pè ní Sri Lanka lónìí, ni ó fara pamọ́ sí dé agbègbè Enugu ní nǹkan bí ọdún 1937. Láti ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri, tí ó sì tẹ̀ lé gbogbo ibi tí a bá ti ṣán igbó.

Àwọn àgbà a máa ki ilẹ̀ ní Ògẹ́rẹ́ tí í fi ọkọ́ yarí. Oríkì yìí jinlẹ̀. Bí ọkọ́ bá jẹ́ òòyà, a jẹ́ pé ewéko ni irun orí ilẹ̀. Kò sì sí ẹni tí yóò torí pé ó fẹ́ yarí kí ó wá fá orí kodoro.

Ẹ̀GÚSÍ, ÀGBÀ NÍNÚ WỌN

Nínú gbogbo ohun ọ̀gbìn tí baba wa fi bo ilẹ̀, ẹ̀gúsí ni àgbà. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fìdí múlẹ̀ ní oṣù March tàbí April, àgbẹ̀ a kọ ebè, a gbin iṣu, a fi àgbàdo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì ju ẹ̀gúsí sí àárín. Iṣu gba orí igi lọ, àgbàdo nàró, ẹ̀gúsí sì ta ìtàkùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ń rákò láti ebè dé poro. Kí ó tó pé oṣù méjì, ewé rẹ̀ ti pàdé ara wọn. Èpò tí ó bá hù lábẹ́ rẹ̀ kò rí oòrùn, nítorí náà kò lè lágbára. Òjò tí ó bá rọ̀, orí ewé ni ó ń balẹ̀ sí. Nígbà tí ẹ̀gúsí bá sì gbó ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ìtàkùn náà a gbẹ, a sì jẹrà síbẹ̀. Iṣu wá ku òun nìkan pẹ̀lú ilẹ̀ tí ó mọ́, tí ó sì rọ̀. Obìnrin ilé a kó èso jọ, a fọ́ ọ, a jẹ́ kí ó rà, a fọ irúgbìn rẹ̀ nínú odò, a sì sá a. Ilẹ̀ wọ aṣọ, àwa sì tún rí ọbẹ̀ jẹ lára aṣọ náà.

Ẹ̀gúsí kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn irúgbìn tí a wú jáde nínú ihò àpáta Uan Muhuggiag ní orílẹ̀-èdè Libya, tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí 6,000 ọdún. Wọ́n rí i pé ìran ẹ̀gúsí ni, kì í ṣe bàrà dídùn tí a ń bù jẹ. Ara èso náà korò, nítorí náà ó dájú tó pé irúgbìn rẹ̀ ni àwọn ará ìgbà náà ń jẹ. Àwọn ènìyàn ti ń wá ẹ̀gúsí fún irúgbìn rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ayé dó.

Oríṣi kejì wà tí àwa ará igbó mọ̀ dáadáa: ìtóò. Ìtóò yàtọ̀ sí ẹ̀gúsí bàrà. Ó fẹ́ràn ilẹ̀ tútù, ó pẹ́ kí ó tó gbó, ó sì máa ń gun kùkùté àti igi tí a gé lulẹ̀. Oko tuntun tí igi wó sí káàkiri, tí ọkọ́ kò ráyè wọ̀, ìtóò ni í bò ó. Ìyẹn ni pé baba wa mọ aṣọ tí ó yẹ ilẹ̀ títẹ́jú, wọ́n sì mọ èyí tí ó yẹ ilẹ̀ onígi.

ÀWỌN ÀLEJÒ TÍ Ó DI ỌMỌ ILÉ

Kì í ṣe gbogbo aṣọ ilẹ̀ wa ni ó jẹ́ ti ìbílẹ̀. Kúkúndùnkún, tí a tún ń pè ní ànàmọ́, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Lẹ́yìn ìrìn-àjò Columbus ní ọdún 1492 ni àwọn oníṣòwò Potogí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun ọ̀gbìn ibẹ̀ wá sí etíkun wa. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti kúkúndùnkún wà lára wọn. Gbúre tí ó ń hù ní ẹ̀yìnkùlé wa láìsí ẹni tí ó gbìn ín, òun náà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà olóoru ni orírun rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni elégédé. Àlejò ni wọ́n nígbà kan. Ṣùgbọ́n àlejò tí ó bá mọ iṣẹ́ ilé kì í pẹ́ di ọmọ ilé.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí elégédé ti wá, àwọn Haudenosaunee, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Iroquois, a máa gbin àgbàdo, ẹ̀wà àti elégédé pọ̀ lórí ebè kan. Wọ́n ń pè wọ́n ní ọmọ ìyá mẹ́ta, obìnrin ni gbogbo wọn. Àgbàdo ni òpó, ẹ̀wà gùn ún, elégédé sì tẹ́ ewé ńlá rẹ̀ sílẹ̀ láti bo ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì. Ẹ wo bí ó ti bá ti iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gúsí mu! Òkun ńlá ni ó wà láàárín wa, síbẹ̀ ọgbọ́n kan náà ni ilẹ̀ kọ́ wa.

KÓKÒ ÀTI KÒKÓ

Ìtàn yìí kò lè pé ní agbègbè Òǹdó bí a kò bá mẹ́nu ba kókò àti kòkó. Ohùn ni ó ya orúkọ wọn sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ó pa wọ́n pọ̀. Nígbà tí kòkó tàn dé ìgbèríko wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn àgbẹ̀ rí i pé ọmọ kòkó kò fẹ́ oòrùn líle. Wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe agboorùn fún un lókè, wọ́n sì fi kókò bo ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ewé kókò fẹ̀ bí àwo. Ó ń dáàbò bo ilẹ̀, ó sì ń bọ́ àgbẹ̀ títí kòkó yóò fi so. Láìsí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò, ebi ni ì bá pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ baba tí ó dá oko kòkó tí ó rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Oríṣi kókò kan ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n oríṣi kejì, láti Amẹ́ríkà, ìtàn bí ó ti dé Gold Coast, tí í ṣe Ghana lónìí, dùn láti gbọ́. Ní ọdún 1843, àwọn aláwọ̀ dúdú onígbàgbọ́ láti erékùṣù Jamaica àti Antigua bá àwọn míṣọ́nárì Basel padà wá sí Áfíríkà, wọ́n sì gbé kókò yìí dání. Àwọn ọmọ ẹrú padà wálé, oúnjẹ sì wà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, nígbà tí kòkó gbilẹ̀ níbẹ̀, kókò yìí ni ó di olùtọ́jú rẹ̀. Títí di òní, ewé rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kontomire, jẹ́ ẹ̀fọ́ pàtàkì ní Ghana.

ÈYÍ TÍ A KÒ LÈ JẸ

Ní àwọn ọdún 1920 àti 1930, Ẹ̀ka Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti ìjọba amúnisìn, lábẹ́ ọ̀gbẹ́ni O. T. Faulkner, sapá gidigidi lórí bí ilẹ̀ kò ṣe ní ṣá. Ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, wọ́n gbin mucuna, tí í ṣe ìbátan yèrèpè tí kì í yún ni, wọ́n sì rò ó mọ́ ilẹ̀ láti fi sanra. Ilẹ̀ náà ṣe dáadáa. Faulkner àti J. R. Mackie kọ ìwé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1933. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ wa kò tẹ̀ lé wọn. Àwọn kan pè wọ́n ní olóríkunkun nítorí èyí, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ṣe kedere. Ta ni yóò fi ọkọ́ ro oko, tí yóò gbin ohun tí ẹnu kò lè jẹ sí i, tí yóò tún fi ọkọ́ kan náà rò ó mọ́lẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ fún ìgbẹ́ ń ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́fẹ̀ẹ́?

Irú ìtàn yìí tún ṣẹlẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin. Láti nǹkan bí ọdún 1987, a gbé mucuna lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ agbègbè Mono, níbi tí èkan ti gba oko lọ́wọ́ wọn. Mucuna borí èkan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ sì gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, tí kò sí ẹni tí ń ra irúgbìn rẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn jáwọ́. Èròjà kan wà nínú irúgbìn náà tí kò jẹ́ kí ó ṣeé jẹ bí ẹ̀wà. Nínú àwọn oko ńlá rọ́bà àti ọ̀pẹ, irú èyí tí ó wà ní ìtòsí wa, aṣọ tí a kò lè jẹ lè wúlò, nítorí pé ilé-iṣẹ́ ni ó ni oko. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní sarè kan péré gbọ́dọ̀ jẹ lára ohun tí ó bá bo sarè náà.

ÌWÁDÌÍ TI ÌBÀDÀN

Ní ọdún 1967 yẹn kan náà tí ìbọn ń dún ní Òrè ni a dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni Rattan Lal, ọmọ ilẹ̀ India, ti ṣiṣẹ́ lórí àgbàrá ní àwọn ọdún 1970. Ó fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ ní ìhòòhò, ó sì fi koríko gbígbẹ bo èkejì. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó lọ sílẹ̀ ní 10 nínú 100, ilẹ̀ tí ó wà ní ìhòòhò pàdánù iyẹ̀pẹ̀ tí ó lé ní 200 tọ́ọ̀nù lórí hẹ́kítà kan lọ́dún. Èyí tí a bò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ohunkóhun. Ní ọdún 2020, a fún Lal ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà, I. Okezie Akobundu, òun náà ṣiṣẹ́ ní IITA lórí bí ewéko tútù ṣe lè bo ilẹ̀ kí ó sì pa èpò lẹ́nu mọ́, ìwé ńlá rẹ̀ lórí èpò ilẹ̀ olóoru sì jáde ní ọdún 1987. Ẹ̀gúsí àti kúkúndùnkún wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ wá rí i pé ó lè dín ìroko kù. Báyìí ni ilé ìwádìí ṣe jẹ́rìí sí ohun tí ìyá àgbà ti mọ̀ ní oko.

IPÒ TÍ A WÀ LÓNÌÍ

Bí a bá wo ìlú wa lónìí, kí ni a rí? Ẹ̀yìnkùlé tí a gbá títí ó fi ń dán. Àgbàrá ti jẹ ìpìlẹ̀ ilé títí bíríkì fi yọ síta. Ní oko, ọ̀pọ̀ ti gbé ọkọ́ jù sílẹ̀, oògùn apakòríko ni wọ́n ń fọ́n. Oògùn tí a fi ń pa èpò ewé gbẹ̀gẹ̀dẹ̀ nínú àgbàdo kò mọ ẹ̀gúsí yàtọ̀ sí èpò. Méjèèjì ni ó ń pa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fọ́n oògùn nínú àgbàdo rẹ̀ kò lè gbin ẹ̀gúsí sí àárín rẹ̀ mọ́. Ewu ara náà sì wà níbẹ̀: NAFDAC fi òfin de oògùn paraquat láti ọjọ́ 1 oṣù January ọdún 2024. Lẹ́yìn gbogbo èyí, a ń lọ sí ọjà láti fi owó gọbọi ra ẹ̀gúsí tí baba wa ń ká ní poro oko wọn.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti ìtóò. Irúgbìn tí a kò bá gbìn fún ọdún díẹ̀ a máa kú. Bí àwọn ìyá arúgbó tí ó ṣì ní ìtóò nínú akèrègbè bá lọ tán láìjẹ́ pé a gbà á lọ́wọ́ wọn, kò sí ọjà tí a ó ti rí i rà.

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍ Ẹ̀YÌNKÙLÉ

Kò di dandan kí ènìyàn ní oko ńlá kí ó tó tẹ̀ lé ọgbọ́n yìí. Níbi tí ilẹ̀ bá ti gẹ̀rẹ́, kí a gbin kúkúndùnkún. Gbòǹgbò rẹ̀ a di ilẹ̀ mú, ìtàkùn rẹ̀ a sì bò ó. Ẹ má ṣe fi ewé rẹ̀ fún ewúrẹ́ tán. Ní Sierra Leone àti Liberia, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ lójoojúmọ́ ni. Ẹni tí ó bá lè rí oríṣi tí inú rẹ̀ pọ́n bí òroǹbó, kí ó gbìn ín, nítorí ó kún fún fítámì A tí ojú àwọn ọmọdé ń fẹ́. Nítorí irú kúkúndùnkún yìí ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Maria Andrade, Robert Mwanga àti Jan Low, pẹ̀lú Howarth Bouis, fi gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní ọdún 2016.

Níbi tí òjìji bá wà, lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí igi ọsàn, gbúre ni kí a jẹ́ kí ó gba ibẹ̀. Bí a bá já a, a tún rú. Amúnútutù náà fẹ́ ibi tútù, ó sì lè rákò bí kò bá rí ọgbà gùn. Níbi tí oòrùn bá ti mú, pápásan kò bẹ̀rù rẹ̀. Ní àárín àgbàdo tàbí ilá, kí a fi ẹ̀gúsí tàbí elégédé sí i, ṣùgbọ́n kí elégédé jìnnà sí ara wọn, nítorí ìtàkùn rẹ̀ kò mọ ààlà. Ẹ̀fọ́ kéékèèké bí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, kí a má ṣe gbin kúkúndùnkún sí ẹ̀gbẹ́ wọn, kí ó má baà bò wọ́n pa.

Àwọn kan yóò wí pé ejò ni ewéko ń pè wá sílé. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Kí a gbá ojúde àti ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń tọ̀, kí àyíká ògiri mọ́ gbágágá, kí ohun ọ̀gbìn sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ kò ti ń tẹ̀. Ọgbà tí a ń wọ̀ lójoojúmọ́ láti já ẹ̀fọ́ kì í di igbó.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí ẹ̀yin ará ìlú nìyí. Nígbà ìpàdé ọdọọdún wa tí ń bọ̀, kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan tí ó bá ṣì ní irúgbìn ìtóò mú ẹ̀kúnwọ́ kan wá, kí ẹni tí kò ní lè gbà nínú rẹ̀. Kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa náà fi ibùsùn kan sílẹ̀ nínú ọgbà wọn fún iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gúsí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbìn wọ́n láéláé, kí àwọn ọmọ lè fi ojú ara wọn rí ibi tí àgbàrá ti gbé iyẹ̀pẹ̀ lọ àti ibi tí kò ti gbé e. A ti la ọ̀nà, a ti kọ́ ilé, a sì ń gbèrò láti ṣe púpọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, ilẹ̀ náà sì ń fẹ́ aṣọ.